Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún ló yẹ kí àwọn ọmọ Síkáótù wa máa gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn rìn lọ sóko?

Ṣẹ́ẹ̀fù_Kétu (Ọjọ́ Àìkú, alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Òjò kejì ti fẹ́ dá, ilé ìwé ti wọlé, àkókò tó láti jókòó ṣètò ọdún fún ẹgbẹ́ Síkáótù wa ní Kétu, nílẹ̀ Benin. Àmọ́ ẹnu àwa olórí kò kò. Ọ̀kan nínú wa ní oṣooṣù ni ká máa gbé àpò, ká rìn, ká sùn sóko. Òmíràn ní rárá, ìpàgọ́ oṣù kẹjọ tí a ń lọ lọ́dọọdún ti tó, pé ká fi àwọn Sátidé yòókù kọ́ wọn ní okùn dídì, orin àti òfin ẹgbẹ́. Àwọn òbí míì sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ "oko" báyìí, ojú wọn á ti yí padà.

Ní tèmi, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí máa rìn ju bí wọ́n ṣe ń rìn lọ. Zém, ìyẹn ọ̀kadà, ló ń gbé wọn lọ sílé ìwé, zém ló ń gbé wọn bọ̀. Ọmọ ọdún 13 kan wà lọ́dọ̀ mi tí kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé Idigny, lágbègbè Kétu wa níbí, rí, bẹ́ẹ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ń ru iṣu láti ọ̀hún wá sí ọjà Kétu nígbà tó wà lọ́mọge. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ṣe é débi tí á fi sú wọn, tàbí tí àwọn òbí á fi yọ ọmọ wọn kúrò.

Ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, ọdún 12 sí 17. Àpò kò kárí. Àgọ́ wa ti gbó. Ẹ̀yin tó ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún? Báwo lẹ ṣe ń ṣètò rẹ̀?

Routier_Àjàṣẹ́

Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣooṣù ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìta gbangba ni wọ́n bí ẹgbẹ́ yìí sí. Lọ́dún 1907, nígbà tí Baden-Powell tó dá Síkáótù sílẹ̀ kó àwọn ọmọkùnrin bí 20 lọ sí erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò tì wọ́n mọ́ yàrá. Ó pín wọn sí pàtirúùlù, ìyẹn ọ̀wọ́ kéékèèké, mẹ́rin, wọ́n sùn nínú àgọ́, wọ́n dáná, wọ́n tọ ipasẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi í sínú ìdánwò ẹni tó bá fẹ́ dé ipò kìíní pé kí ọmọ náà, ní òun nìkan tàbí pẹ̀lú ẹnì kejì, fi ẹsẹ̀ rin máìlì 7 lọ, máìlì 7 bọ̀, kó sì kọ ohun tó rí lọ́nà sílẹ̀. Bí kìlómítà 22 nìyẹn. Ọmọ tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, níbo ló ti fẹ́ rí ẹsẹ̀ tó máa fi rìn ín?

Ara máa ń gbàgbé nǹkan. Ọmọ tó rìn lóṣù kẹjọ, tí kò tún rìn mọ́ títí di oṣù kẹjọ mìíràn, àlejò ni lójú ọ̀nà. Bàtà á bó o lẹ́sẹ̀, èjìká á máa ro ó, kò ní rántí pé ohun tó wúwo ló yẹ kó wà lẹ́bàá ẹ̀yìn nínú àpò. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ìpàgọ́ á lọ sórí kíkọ́ ohun tí wọ́n ti kọ́ lọ́dún tó kọjá. Ìgbà tí ara wọn bá wá mọ̀ ọ́n lára, ó ti di ká máa palẹ̀ mọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà Adjarra la sábà máa ń mú. Bíi wákàtí méjì ni láti àárín Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Tó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà wọn, tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, pàtirúùlù kọ̀ọ̀kan á mú owó díẹ̀ dání, wọ́n á fúnra wọn ra ohun tí wọ́n máa sè. Kò wọ́n, kò jìnnà, àwọn ọmọ sì ń fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá_Ṣábẹ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìyá ọmọ ni mí, n kì í ṣe olórí ẹgbẹ́. Ọmọ mi obìnrin wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù, torí bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ṣẹ́ẹ̀fù, ó dà bíi pé ejò nìkan ni wọ́n rò pé à ń sá fún.

Ejò kọ́ ló ṣíwájú. Àìmọ̀ibi-tí-ọmọ-wà ló ṣíwájú. Ẹgbẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ kó àwọn ọmọ lọ lọ́dún kan, wọ́n ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ làwọn máa dé. Ilẹ̀ ṣú, a ò rí wọn. A pe ẹni tó kó wọn lọ, fóònù kò wọlé. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí wọ́n tó yọ lókèèrè. Kò sóhun tó ṣe ọmọ kankan, wọ́n kàn ṣìnà díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá pè wá jókòó lẹ́yìn náà kó ṣàlàyé fún wa. Ìyẹn ló dùn wá jù. Ìyá tó ti dúró sẹ́bàá títì bẹ́ẹ̀, ẹ wá fẹ́ kó tún yọ̀ǹda ọmọ lóṣù tó tẹ̀ lé e?

Owó tún wà níbẹ̀. Bí ìrìn bá ti yá, àwọn ṣẹ́ẹ̀fù á ní ká mú fàráǹkì 500 tàbí 1000 wá. Fún ilé tó ní ọmọ kan, kò tó nǹkan. Ilé tó ní mẹ́ta ńkọ́, tó bá di oṣooṣù? Oko náà wà níbẹ̀. Sátidé ni ọmọ ilé ìwé ń ráyè bá bàbá rẹ̀ kọ ebè, bá ìyá rẹ̀ ṣa ẹ̀pà. Ẹ ò lè gba gbogbo Sátidé tán lọ́wọ́ wa.

Síbẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ọmọbìnrin mi ti yàtọ̀ láti ìgbà tó ti ń bá wọn rìn. Ó ń dá jí láàárọ̀. Ó mọ bí a ṣe ń ṣọ́ omi lò. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí n mọ ọjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí n mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, kí n sì mọ ẹni tí mo máa pè tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ẹ bá mi ṣe ìyẹn, ẹ ó rí i pé mi ò ní di yín lọ́wọ́.

Tíṣà_EPS (Kétu)

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín kún. Tíṣà eré ìdárayá (EPS) ni mí. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara ọmọ kún un, torí ó dà bíi pé nǹkan méjì la ti ń pò pọ̀ láti òkè wá.

Ìrìn ọ̀sán, tí ọmọ mú omi àti oúnjẹ dání, tó sì padà wá sùn sílé, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tí ọmọ á ti gbé ilé rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn bí ìgbín, ọ̀tọ̀ tún nìyẹn. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò pọ̀ rárá, ẹ̀ẹ̀mejì gan-an kò ní pa ọmọ ọdún 12 lára. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kó má ṣe ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kó ọmọ rìn ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹrù ọmọ má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 13 tó wà níwájú mi ní kíláàsì kò ju kìló 40 lọ. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ kìló 8. Lítà omi kan jẹ́ kìló kan. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kétu wa yìí tí omi ti jìn sílẹ̀, tí ẹ lè rìn títí kí ẹ má bá odò pàdé, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé bíi lítà 3 kúrò nílé. Ó ku kìló 5. Nínú márùn-ún yẹn ni àpò fúnra rẹ̀ wà, ẹní wà níbẹ̀, aṣọ ìbora, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, aṣọ ìpààrọ̀, gàrí, iṣu, àti ìpín tirẹ̀ nínú ìkòkò àti àgọ́ pàtirúùlù. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra kájú lọ́jà, ẹ ó rí i. Tí ẹnì kan bá dá gbé ìkòkò irin, ìṣírò ti bàjẹ́ nìyẹn.

Torí náà ni mi ò ṣe fara mọ́ kí a gbé àpò kíkún lé ọmọ lẹ́yìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi: oṣù kọkànlá, kìlómítà 6, omi nìkan ni wọ́n ń gbé. Oṣù kejìlá, kìlómítà 10. Lẹ́yìn Kérésì, 10 yẹn náà, àpò dé ìlàjì. Ìgbà tí a bá máa sùn síta, èjìká wọn á ti mọ okùn àpò.

Ní ti àkókò, Naismith ará Sikọ́tíláǹdì ti fi ìlànà kan lélẹ̀ lọ́dún 1892: bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí a tún fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tí a bá gùn. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le nìyẹn. Fún àwọn ọmọ wa tó gbé ẹrù, kìlómítà 3 ni kí ẹ kà, kí ẹ sì fi ẹni tó lọ́ra jù síwájú kó máa darí ìrìn. Aago márùn-ún tí ẹ bá dá fún àwọn ìyá, orí 3 yẹn ni kí ẹ ti ṣírò rẹ̀.

Ṣẹ́ẹ̀fù_Kétu

Tíṣà, ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Àwọn louveteaux, ìyẹn àwọn kékeré inú ẹgbẹ́, ńkọ́? Ọmọ ọdún 8, ọdún 9. Ẹkún ni wọ́n ń sun pé àwọn náà fẹ́ lọ.

Tíṣà_EPS (Kétu)

Wákàtí méjì sí mẹ́ta, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí nǹkan kan sì wà lópin ọ̀nà tí wọ́n ń fẹ́ rí. Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú Kétu, wà nílẹ̀. Ẹ kó wọn yí ibi tí odi ìlú wà ká, kí wọ́n rí yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́, kí ẹ sì sọ ogun 1886 fún wọn, nígbà tí Dàhòmì fọ́ Kétu. Omi nìkan ni kí wọ́n gbé. Ọdún méjì, mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọmọ tó fẹ́ rìn kiri.

Nọ́ọ̀sì_Pobè

Ẹ kú àròjinlẹ̀. Ní tèmi, àkókò jẹ mí lógún ju iye ìgbà lọ.

Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, oòrùn kì í ṣeré. Nínú ọyẹ́ pàápàá, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi lára ọmọ láìjẹ́ pé ó mọ̀, torí òógùn kì í hàn. Kí ọmọ máa mu bí ìlàjì lítà ní wákàtí kan, díẹ̀díẹ̀, kó má dúró dìgbà tí òǹgbẹ bá gbẹ ẹ́. Ẹ kọ́ wọn láti máa wo àwọ̀ ìtọ̀ ara wọn: bó bá ti pọ́n, omi kò tó. Lóṣù kìíní, ilẹ̀ kì í mọ́ kedere títí di bí aago méje, nítorí náà kí àpò ti wà ní dídì láti alẹ́. Láti aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́ta ààbọ̀, kí gbogbo ènìyàn wà lábẹ́ igi. Ìyẹn nìkan ti jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìrìn ọjọ́ kan lásìkò yẹn kò lè gùn.

Bí ọmọ bá ń ṣu tàbí tó ń bì, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tó gún régé, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kí olórí pàtirúùlù kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n lórí. Omi kànga tàbí ti odò, ẹ sè é kó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún. Adágún omi tí kò ṣàn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ níbẹ̀, àtọ̀sí ajá ń bẹ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Àárín wa níbí, ní Pobè, ni ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú egbò Buruli, àrùn tó ń jẹ awọ ara, wà, mo mọ ohun tí mò ń sọ nípa egbò tí ọmọ fojú kékeré wò. Ọmọ tó bá padà dé tí kókó tàbí egbò kan wà lára rẹ̀ tí kò san, ẹ gbé e wá.

Ẹsẹ̀: ibi tó bá ti ń gbóná nínú bàtà, kí ọmọ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Ẹ má dúró di ìgbà tó bá lé ròrò. Bàtà tuntun, ẹ má gbé e wá.

Ejò ńkọ́? Bó bá bu ọmọ jẹ, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má dì í ní okùn líle. Kí ọmọ náà má rìn, kí ibẹ̀ má mì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti béèrè ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ ejò. Bí ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà bá jìn sí ibẹ̀ ju bí zém ṣe lè sáré dé lọ, ẹ yan ọ̀nà míì.

Ẹ tún sọ fún àwọn òbí: bí ara ọmọ bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tó padà, kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ibà. Kí wọ́n má sọ pé àárẹ̀ ìrìn ni.

Ọmọ_Ọdẹ (Idigny)

Àwọn aládùúgbò mi, ẹ jẹ́ ká sọ ti iná. Láti oṣù kejìlá ni wọ́n ti ń jó igbó. Ẹlòmíì ń jó o láti fi ṣọdẹ, ẹlòmíì torí oko tuntun, darandaran náà ń jó o kí koríko tútù lè hù. Nínú ọyẹ́, iná yẹn máa ń sáré ju ọmọ tó gbé àpò. Àwa ọdẹ sì ń jáde lóru, pẹ̀lú iná lórí àti ìbọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó sùn sínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nípa wọn, ẹ ti fi wọ́n sínú ewu nìyẹn.

Ẹ lọ kí baálẹ̀ abúlé tí ẹ máa sùn sí. Ẹ lọ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Òun ló máa sọ fún ọdẹ, òun ló máa sọ fún olóko, òun náà ló mọ igbó tí ènìyàn kì í wọ̀. Igbó ọba tó wà lápá Dogo, àwọn fọ́rẹ́sítíyè ló ń ṣọ́ ọ, ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti máa gba àṣẹ.

Nítorí pé obìnrin wà nínú àwọn ọmọ yín, ẹ béèrè nípa Orò. Ní apá Pobè àti Sakété, bí wọ́n bá ti kéde pé Orò ń bọ̀, obìnrin kì í jáde. Ẹ má lọ bá a lójú ọ̀nà kí ẹ tó mọ̀.

Routier_Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi gbogbo, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka oṣù. Láti ìkẹrin dé ìkeje, òjò. Ìkẹfà, ìdánwò CEP (ti ìparí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) àti BEPC (ti ìpele kìíní ilé ìwé gíga). Ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá, òjò kejì, odò Ouémé á kún bo ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìkejìlá dé ìkejì, iná àti ọdẹ. Ìkẹta, oòrùn. Kí ló ṣẹ́ kù? Ìkọkànlá àti ìkẹjọ!

Bí a bá ń dúró de oṣù tí kò ní nǹkan kan nínú, ibi "ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún" náà la ó padà sí, tí a ó sì máa pè é ní ọgbọ́n. Ọmọ kò lè kọ́ bí a ṣe ń dáná pẹ̀lú igi tútù bí kò bá rí igi tútù. Mo ń bẹ yín, ẹ má fi ìṣọ́ra pa ẹgbẹ́ yìí.

Ọmọ_Ọdẹ (Idigny)

Àbúrò, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má lọ. Ibi ni mo ní kí ẹ máa yí padà. Nígbà iná, ẹ tọ ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti àárín oko tí wọ́n ti kórè, kí ẹ sùn sínú ọgbà ilé ìwé abúlé. Nígbà òjò, ẹ rìn kúkúrú, kí ẹ padà sílé. Oṣù méjì tí ẹ kà yẹn ni kí ẹ fi wọ igbó gan-an. Gbogbo oṣù ló ní ibi tirẹ̀.

Ìrìn_Òkè (Ṣábẹ̀)

Ẹ kú ìjíròrò o. Olórí ẹgbẹ́ ni mí ní Ṣábẹ̀ (Savè), mo fẹ́ sọ bí tiwa ṣe rí, bóyá á bá Ṣẹ́ẹ̀fù Kétu mu.

Ọlọ́run fi òkè jíǹkí wa. Ẹni tó bá gba títì ọlọ́dà Kútọnu sí Párákù kọjá ti rí àwọn òkúta ńláńlá yẹn, tí àwọn baba wa sá gùn nígbà ogun Dàhòmì. Kò sóṣù tí a kì í gùn wọ́n. Ilẹ̀ mọ́, a gbéra. Kó tó di aago mọ́kànlá, a ti sọ̀ kalẹ̀, torí lẹ́yìn ìgbà yẹn òkúta á ti gbóná débi tí ọwọ́ kò ní gbà á. Bí òjò bá ṣú, a kì í gùn ún rárá. Òkúta tútù ń yọ̀, àrá sì ń wá ibi gíga. Àwọn òkè kan ní ojúbọ lórí, ààfin àti àwọn àgbà àdúgbò la sì ti kọ́kọ́ ń gba àyè.

Ìrìn asùnsóko ti ẹgbẹ́ wa wá ju mẹ́ta lọ lọ́dún. Síbẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan kì í lọ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Báwo? A kì í kó gbogbo wọn lọ pọ̀. Pàtirúùlù méjì ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, méjì míì á jáde nígbà tó bá yí kàn wọ́n. Ohun tó fà á ni pé àpò kò kárí, gẹ́gẹ́ bíi tiyín. Télọ̀ kan bá wa fi tápólíìnì rán díẹ̀, ó fi ìrọ̀rí tín-ín-rín sí ibi okùn èjìká, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í pín wọn báyìí, a rí i pé ó sàn ju kíkó gbogbo ogunlọ́gọ̀ lọ. Ọmọ díẹ̀ kì í ba abúlé lẹ́rù. Ìkòkò kékeré tó wọn. Ṣẹ́ẹ̀fù méjì lè mójú tó wọn. Bí ọmọbìnrin bá wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Àwọn òbí kò sì san owó oṣooṣù, ìgbà tó bá kan ọmọ wọn ni wọ́n ń san.

Ìyẹn ni mo fi rò pé Routier àti Tíṣà kò ta ko ara wọn. Ẹgbẹ́ lè máa jáde lemọ́lemọ́ láìjẹ́ pé ọmọ kankan gbé àpò wúwo lemọ́lemọ́.

Ohun méjì tí a kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ọ̀kan nínú àwọn ṣẹ́ẹ̀fù gbọ́dọ̀ ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú. Kì í ṣe ọdún tó kọjá. Kànga máa ń gbẹ, àfárá máa ń wó, oko máa ń bo ọ̀nà. Ìkejì, ìwé kan máa ń wà lọ́wọ́ òbí kan tó wà nílé: orúkọ àwọn ọmọ, ọ̀nà, ibi tí wọ́n máa sùn, àti wákàtí tó jẹ́ pé bó bá kọjá tí kò gbúròó wa, kó máa wá wa bọ̀. Ìyá_Ṣábẹ̀, ó yẹ kí irú ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ sọ yẹn. Ẹ pẹ̀lẹ́.

Nípa oṣù kẹjọ: lọ́dọ̀ yín ní Kétu, òjò máa ń sinmi díẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́dọ̀ wa lókè, kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi, nítorí náà ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Kérésì la fẹ́ràn jù, ní ẹ̀bá abúlé, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti jó tẹ́lẹ̀.

Éclaireuse_Àná

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ìyá wa, mo kí yín o. Kétu ni mo ti dàgbà, inú ẹgbẹ́ ni mo wà títí mo fi lọ sí yunifásítì ní Abomey-Calavi. Gbogbo ènìyàn ti sọ̀rọ̀ tán, a ò tíì gbọ́ ti ọmọ.

Mo ti wà nínú ìrìn tí ọkọ̀ gbé àpò wa ṣíwájú, tí a kàn fọwọ́ lásán rìn tẹ̀ lé e, tí wọ́n sì fún wa ní àmì-ẹ̀yẹ lópin rẹ̀. Mo ti wà nínú èyí tí ṣẹ́ẹ̀fù di máàpù àti kọ́ńpáàsì mú látàárọ̀ dalẹ́, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú mi ni mò ń wò. Bí ẹ bá mú mi lọ irú ìyẹn lóṣooṣù, kò sóhun tí mo máa mọ̀. Èyí tó kọ́ mi nǹkan ni èyí tí wọ́n gbé máàpù lé àwa ọmọbìnrin lọ́wọ́, tí ṣẹ́ẹ̀fù wà lẹ́yìn pátápátá tí kò sọ̀rọ̀. A dé oríta kan, a jiyàn títí, a yàn. Ó jẹ́ kí a yàn. Nítorí náà, kí ẹ tó ka iye ìgbà, ẹ ka iye ìgbà tí ọmọ mú máàpù lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọkùnrin kì í rántí. Nǹkan oṣù máa ń bá ọmọbìnrin lójú ọ̀nà. Kí páàdì wà nínú àpótí ìtọ́jú, kí ó jẹ́ obìnrin ló mú àpótí náà lọ́wọ́, kí ibi ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin wà lọ́tọ̀, kí ìdúró díẹ̀ má sì di ohun tí wọ́n ń kùn sí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe pé ìrìn sú wọn. Ojú ló ń tì wọ́n.

Ìyá_Ṣábẹ̀

Ọmọ mi, o ṣeun gan-an. Ìyẹn gan-an lọmọ mi kò lè sọ fún mi.

Ìrìn_Òkè, ìwé tí ẹ sọ yẹn, bí mo bá ti ní in lọ́wọ́, mi ò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kí ẹ sì jọ̀ọ́, àwọn tó wà ní kíláàsì ìdánwò, láti ìgbà tí Àjíǹde bá ti kọjá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n kàwé. Ẹ lè mú wọn lóṣù keje.

Ṣẹ́ẹ̀fù_Kétu (Ọjọ́rú, òwúrọ̀)

Ẹ kú àánú mi o, gbogbo yín. A jókòó lálẹ́ àná, mo ka ohun tí ẹ kọ fún àwọn olórí yòókù àti fún àwọn olórí pàtirúùlù, torí ọ̀rọ̀ Éclaireuse wọ̀ mí lára. Ohun tí a fẹnu kò sí rèé.

Sátidé kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, ìrìn ọ̀sán fún gbogbo ọmọ, láìsí owó. Oúnjẹ ilé ni wọ́n ń mú bọ̀. Lóṣù òjò, á kúrú. Kíláàsì ìdánwò á dúró lẹ́yìn Àjíǹde. Ìrìn asùnsóko, pàtirúùlù méjì méjì: ìparí oṣù kọkànlá, lẹ́yìn Kérésì, Àjíǹde, àti oṣù kẹjọ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún yìí. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń yan ọ̀nà, àwa á lọ rìn ín wò. Ìwé ọjọ́ gbogbo ọdún á dé ọwọ́ àwọn òbí kí oṣù yìí tó tán. Ìyá ọmọ méjì ti gbà láti máa bá wa rìn, ọ̀kan nínú wọn ń ta oògùn, inú mi dùn sí i.

Ọ̀kan nínú wa kò tíì gbà tán, ó ní okùn dídì á jìyà. Mo ní kó máa kọ́ wọn lábẹ́ igi láàárín aago mọ́kànlá sí mẹ́ta ààbọ̀ tí Nọ́ọ̀sì sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa mú okùn wá.

Ọmọ_Ọdẹ, ẹ dákun: àwọn ọmọ yan ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín fún ti oṣù kọkànlá. Wọ́n fẹ́ sùn sí ọgbà ilé ìwé abúlé tó kàn lẹ́yìn Idigny. Ǹjẹ́ pọ́ńpù omi ibẹ̀ ṣì ń yọ omi? Tí kì í bá yọ, a ní láti tún ẹrù ṣírò.

Ọmọ_Ọdẹ (Idigny)

Ó ń yọ, wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣí i, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń gba owó omi, nítorí náà kí àwọn ọmọ má gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́sàn-án. Kí wọ́n gbé lítà mẹ́ta wọn. Bí ẹ bá dé oríta tí igi ìrókò wà, ọ̀nà apá òsì ni kí ẹ gbà, ti apá ọ̀tún ti di oko ẹ̀gẹ́, olóko kò ní fẹ́ kí ẹ là á kọjá. Mo máa bá yín sọ fún baálẹ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ṣì gbọ́dọ̀ wá kí i.